Ọkùnrin Tó Fẹ́ Fẹ́ Mi Ti Mọ Àṣírí Mi, Ó Ní Òun Ṣì Ń Fẹ́ Mi

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, obìnrin ni mí, ọkàn mi kò sì fà sí ọkùnrin kankan rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Mo ti tẹ gbólóhùn yìí sórí fóònù, mo pa á rẹ́, mo tún un tẹ̀, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ tó ń bọ̀... Ádímìn ojú ìwé yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi bo orúkọ mi, torí Ìkirè àti Àpòmù kò jìnnà síra wọn, bí ẹnì kan ṣoṣo bá dá mi mọ̀ níbí, tèmi tán. Mi ò wá kí ẹ lè ṣàánú mi o. Ìbéèrè kan ló wà lọ́rùn mi, mo gbọ́dọ̀ fún àwọn èèyàn lésì láìpẹ́, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan ní gbogbo ìlú yìí tí mo lè bi.

Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkirè, àwọn obìnrin ìlú ló ń bọ́ mi. Àwọn tíṣà, ìyàwó pásítọ̀ wa, àwọn tó ń ta dòdò fún èrò ọkọ̀ lójú títì, àwọn ìyàwó Alájì tí wọ́n máa ń ní kí n ti ilẹ̀kùn ná kí wọ́n tó ṣí híjáàbù. Gbogbo wọn ló ń jókòó sáàárín orúnkún mi, wọ́n á gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ẹlòmíràn á sùn lọ, ẹlòmíràn á máa fẹjọ́ ọkọ ẹ̀ sùn mí. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mi ò fi ojú mìíràn wo ẹnì kankan nínú wọn rí. Iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́? Ta ló máa gbé orí ẹ̀ wá fún mi mọ́? Tó bá di Sunday, èmi ni mo ń léwájú kúáyà ìjọ wa. Ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n fi ìjọ náà sílẹ̀ o, bí ẹni pé ọkọ̀ ni, tí èèyàn lè sọ̀ nínú ẹ̀ kó wọ òmíràn. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ará ìjọ ló gbẹ́ ilẹ̀, àwọn ló gbé pósí, àwọn ló ṣe gbogbo ẹ̀ nígbà tí àwọn ẹbí ń wojú ara wọn. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, àwọn sístà ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn láti wá sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní ọsibítù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Ọlọ́run. Mo mọ̀ Ọ́n lóòótọ́, kì í ṣe ti ẹnu. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le nìyẹn.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń sọ̀rọ̀ bọ̀ìfúrẹ́ńdì, mi ò rí ohun tó dùn níbẹ̀. Mo rò pé ìwà mímọ́ ni. Ẹ gbọ́, mo rò pé ìwà mímọ́ ni! Nínú ìjọ náà, wọ́n máa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin, wọ́n á ní ẹ wo sístà yìí, kì í bá ọkùnrin ṣeré. Èmi náà á máa yọ̀. Àfi ìgbà tí Tìtí dé. Orúkọ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Tíṣà ni, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àpòmù ló gbà á síṣẹ́, ó sì wọ kúáyà wa. Ohùn ẹ̀ máa ń wà lábẹ́ tèmi bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹní síbi tí èèyàn fẹ́ jókòó sí. Tí a bá ti ṣe ìgbáradì orin tán, a ó jọ rìn, a ó jọ jẹun, a ó jọ gbàdúrà. Kò sí ohun tí ẹ ń rò lọ́kàn yẹn tó ṣẹlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan la di ọwọ́ ara wa mú, a gbàdúrà, a ṣe àmín, kò sí ẹni tó jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹnì kejì. A wà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú ìgbésí ayé mi tó jọ ìfẹ́ nìyẹn, ọwọ́ tí a kò tètè jọ̀wọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mo jẹ́. Ó jọ pé òun náà mọ ohun tóun jẹ́, ẹ̀rù sì bà á, kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́, kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi ní ó ti rí ọkọ ní apá Ṣakí. Èmi ni mo dirun ìyàwó fún un. Mo rọra dì í. Mi ò fà á le. Nígbà tí mo parí, ó wo ara ẹ̀ nínú dígí, ó ní ẹ ṣeun, ó jáde lọ. Láti ọjọ́ náà...

Ẹ bi mí pé ṣé mo ti gbàdúrà. Mo ti gbàdúrà débi tí ohùn mi fi ha. Mo ti gun orí òkè, mo ti gbààwẹ̀, mo ti mu epo tí wọ́n gbàdúrà sí. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe mí fún àwọn tó ń gbàdúrà fún mi, ọkọ ni wọ́n ń bá mi wá, orí ọkọ ni gbogbo wọn ń pariwo lé, èmi nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ ló sọnù. Mo bẹ Ọlọ́run nípa àìsàn ìyá mi, Ó dá mi lóhùn. Mo bẹ̀ Ẹ́ nípa ṣọ́ọ̀bù, Ó dá mi lóhùn. Èyí nìkan ni kì í dáhùn sí. Mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò gbọ́ rárá. Kì í sì í ṣe pé Ó jìnnà sí mi o, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára tí mo bá ń kọrin pé Ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Kí ni kí n ka èyí sí?

Sunday kan ni pásítọ̀ wa wàásù lórí àwọn ìjọ òkè òkun tó ń so ọkùnrin pọ̀ mọ́ ọkùnrin. Ó fi àwòrán wọn hàn wá lára ògiri. Ó ní àìsàn òyìnbó ni, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú, bí a bá rí ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣe é, wọ́n kó o ràn án ni. Gbogbo ìjọ ké àmín. Máìkì wà lọ́wọ́ mi, èmi náà ṣe àmín, máìkì sì gbé tèmi jáde ju ti gbogbo èèyàn lọ. Mo padà sílé, mo jókòó, mò ń ronú. Ta ló kó o ràn mí? Mi ò bá òyìnbó sọ̀rọ̀ rí láyé mi nígbà yẹn. Àwọn tí mo ń rí ò ju àwọn tó ń kọjá nínú mọ́tò lọ sí Ifẹ̀. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀jẹ̀ wo ló wà lára mi, tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá mi?

Nítorí ìwàásù yẹn gan-an ni mo fi wá ìjọ inú àwòrán náà lórí fóònù. Mo fẹ́ mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Mi ò rí ìyẹn gan-an, mo rí òmíràn tó jọ ọ́ lókè òkun, tí wọ́n ń gbé ìsìn wọn jáde lójú fídíò. Tí a bá ti parí ìsìn tiwa, tí mo ti jẹun ọ̀sán, ìgbà yẹn ni àárọ̀ tiwọn. Òyìnbó obìnrin ni pásítọ̀ wọn, irun ẹ̀ ti funfun. Ó ní Ọlọ́run kò dá ẹnikẹ́ni láti fi í ṣe ẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ yẹn kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó mú Bíbélì dání ló sọ ọ́, mo sì fi ìró aṣọ mi bojú, mo sunkún tí mi ò sun irú ẹ̀ níbi òkú bàbá mi. Bí mo ṣe ń wọ ibẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn, mo fi earpiece sétí, ìyá mi rò pé mò ń kọ́ orin kúáyà ni.

Wọ́n máa ń ní ìpàdé lẹ́yìn ìsìn, àwọn díẹ̀ á jókòó lójú fídíò, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Mo lo orúkọ mìíràn, mi ò ṣí kámẹ́rà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ la ẹnu mi sọ ohun tí mo jẹ́. Ẹ wò ó, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, èdè òyìnbó ni mo fi sọ ọ́, etí òyìnbó ni mo sọ ọ́ sí. Inú wọn dùn, wọ́n ní káàbọ̀, wọ́n ní ilé ni mo dé yìí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá... báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí ẹ ò fi ní pè mí ní abaraámóorejẹ. Ọ̀kan bi mí bóyá iná mànàmáná wà ní abúlé wa. Ọ̀kan bi mí bóyá wọ́n máa pa mí lọ́la. Bàbá àgbàlagbà kan ní òun tọrọ àforíjì fún ohun tí àwọn baba ńlá òun ṣe fún tèmi, ó sunkún títí, èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mò ń sọ pé it is okay sir, it is okay. Tí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà fún mi, Áfíríkà ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Ọjọ́ kan wọ́n ní kí n kọrin ní èdè mi, mo sì kọ ọ́. Orin ọpẹ́ ni o, èyí tí a máa ń jó sí tí ẹnì kan bá bímọ! Wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ lé àyà, ó ní òun gbọ́ ìrora mi nínú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà nínú ìjọ yẹn, Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ìlú àwọn òyìnbó yẹn ló ń gbé. Ó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọrin. Ó ní orin ayọ̀ nìyẹn, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn èèyàn òun yìí, èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n gba òun, kò sí ẹni tó lé òun. Tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, iwájú ni wọ́n ń fi òun sí. Ṣùgbọ́n láti gbogbo ọjọ́ tí òun ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó pe òun wá sílé ẹ̀ wá jẹun. Ó ní kí n má retí jù. Ìyẹn dùn mí ju ìwàásù pásítọ̀ wa lọ, torí ti pásítọ̀ wa, mo mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku èyí tó gbé mi wá síbí. Bọ̀dá kan wà nínú ìjọ wa, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bọ̀dá Jákọ́bù. Wẹ́dà ni, Àpòmù ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, ó sì ní oko kòkó díẹ̀ ní ọ̀nà Orílẹ̀-Òwu. Ìyàwó ẹ̀ kú, ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo rí àwọn ọmọ náà ní Sunday School, irun wọn ti ta kókó, bàbá wọn kò mọ̀ ọ́n yà. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní gbogbo Saturday. Èyí àgbà kì í sọ̀rọ̀. Àbúrò ẹ̀ kì í dákẹ́. Mo fẹ́ràn wọn, mi ò parọ́. Ibi tí mo ti ń dirun fún wọn ni ìyàwó pásítọ̀ bá mi, ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, kò sì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí pásítọ̀ fi pè mí pé Ọlọ́run ti bá òun sọ̀rọ̀, pé èmi ni ìyàwó Bọ̀dá Jákọ́bù. Ìyá mi ti gbọ́ kí n tó délé. Ó ń jó! Obìnrin tí orúnkún ń dùn, ó ń jó ní pálọ̀.

Mi ò lè tan èèyàn dáadáa jẹ. Ohun tí mo ń rò kò ju ìyẹn lọ. Tó bá jẹ́ ọkùnrin burúkú ni, ì bá rọrùn. Ó máa ń wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, á mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti oko, á jókòó síta, ẹ ni ó ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ dáadáa. Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò dé, kò sí oníbàárà, ó wọlé wá jókòó. Mi ò mọ ohun tó bà lé mi. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, ọkàn mi kì í lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin." Ó ní ṣé mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Olúwa ni? Mo ní rárá. Ó ń wo òjò. Kò wojú mi. Ó ní, "Ṣé obìnrin ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó dìde, ó dé fìlà ẹ̀, ó rìn jáde sínú òjò, kò tilẹ̀ dúró kí ó dá. Mo jókòó síbi tó fi mí sí, mi ò ti ilẹ̀kùn.

Ẹ ò lè mọ ohun tí mo là kọjá lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé ó ti gbọ́. Mọ́tò ọlọ́pàá kọjá, mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí ẹ̀yin náà mọ òfin ìlú wa. Mo ti ń ro ibi tí mo máa sá lọ, mi ò sì rí ibì kankan, gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láyé, wọ́n wà láàárín Ìkirè, Àpòmù àti Aṣéjíré. Sunday dé, mo dúró níwájú kúáyà, Bọ̀dá Jákọ́bù jókòó sí àyè ẹ̀, ó ń kọrin, kò wò mí. Saturday tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ẹ̀ wá pẹ̀lú kóòmù wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ya irun wọn. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò sọ fún ẹnì kankan.

Ó wá ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ó pa ẹ̀rọ, ó fi rágì nu àga fún mi. Mo máa kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́, torí mo ti ń tún un sọ fún ara mi láti ìgbà náà. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ yìí, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ti ìfẹ́ ti tán fún mi, mi ò wá òmíràn. Ẹni tó máa bá mi gbélé ni mò ń wá, ẹni tí àwọn ọmọ mi ò ní bẹ̀rù. Ohun tó o sọ fún mi, kò ní jáde lẹ́nu mi títí mo máa fi kú." Ẹ rí i, ìwọ ló pè mí. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní ìwọ, títí di ìsinsìnyí mi ò mọ̀ bóyá ó fi fà mí mọ́ra ni tàbí ó fi rẹ̀ mí sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò kórìíra mi. Ó ní òun bínú, òun lọ sí oko, òun roko títí inú òun fi rọ̀. Ó wá ní kò gbọdọ̀ sí ọ̀rẹ́ obìnrin kankan tó máa ń sùn sílé wa. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láé. Ó ní a ó bímọ tiwa bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ó ní bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, nǹkan yẹn máa lọ fúnra ẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, kò ní lọ." Ó ní, "Ṣé o ti gbàdúrà?" Mo dìde. Ó tẹ̀ lé mi dé ibi ọ̀kadà, ó bá mi ná an, ó ní kí onítọ̀hún rọra wà mí.

Mo padà sílé, mo ní mo máa sọ fún ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín kí ẹ lè mọ irú ìyá tí mo ní. Ilé kéwú ni wọ́n bí i sí ní Àpòmù, bàbá ẹ̀ ni ààfáà àdúgbò. Bàbá mi ló tẹ̀ lé wọ ìjọ, àwọn èèyàn ẹ̀ sì kọ̀ ọ́, wọn ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi bí mi. Ní báyìí, wọ́n ń gbé ẹran Iléyá wá fún wa lọ́dọọdún. Mo jókòó tì í níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ní, "Màmá, kí ló mú yín fi ilé kéwú yín sílẹ̀ nígbà yẹn, tí ẹ mọ̀ pé wọ́n máa kọ̀ yín?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá ẹ ni. Mi ò lè ṣe é bí ẹni pé mi ò rí i." Ó ní wọ́n bínú títí, ìbínú ò pa òun, nígbà tó yá, àárò òun sọ àwọn náà, wọ́n wá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi, ẹ gbà mí gbọ́, mo ti la ẹnu. Ó wá fọwọ́ kan orúnkún mi, ó ní, "Ìwọ náà, Ọlọ́run ti mú tìẹ wá. Mo ti rò pé màá kú kí n tó rí i." Mo bá a ṣa ẹ̀wà.

Láàárín èyí, pásítọ̀ òyìnbó yẹn ní kí n bá àwọn ṣe ẹ̀rí, ohùn nìkan, kò ní sí ojú mi níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbàdúrà fún irú wa ní Áfíríkà, wọ́n sì ní lẹ́yìn náà àwọn mọ àwọn tó ń bá èèyàn ṣètò láti kúrò ní ìlú. Mo ṣe é. Mo sọ gbogbo ẹ̀, ìwàásù, Tìtí, ààwẹ̀. Mo sì sọ ti ìsìnkú bàbá mi, mo sọ ti àwọn sístà tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọsibítù, mo ní àwọn èèyàn yìí ni wọ́n kọ́ mi ní Jésù. Nígbà tí wọ́n fi èyí tí wọ́n tún ṣe ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ti gé gbogbo ìyẹn kúrò. Ẹkún mi nìkan ló kù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé inú ihò kìnnìún ni mo dàgbà sí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà. Wọ́n ní àkókò kò tó, pé ó máa da àwọn olùgbọ́ lórí rú. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má gbé e jáde. Wọ́n ní àwọn bọ̀wọ̀ fún ìpinnu mi, wọn ò sì gbé e jáde lóòótọ́. Láti ìgbà náà, tí mo bá wọ ìpàdé, wọ́n á kí mi, wọ́n á bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ fún wọn. Obìnrin Jàmáíkà yẹn nìkan ló ṣì ń kọ̀wé sí mi, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó máa ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí. Lẹ́yìn ìdúpẹ́ ìkórè ni àwọn ẹbí Bọ̀dá Jákọ́bù fẹ́ wá mọ̀ wá nílé. Ìyá mi ti ń fọ kọ́tìnnì. Ìyàwó pásítọ̀ ti ní òun máa mú mi lọ wo gáùn ní Ìbàdàn. Èyí kékeré nínú àwọn ọmọ náà bi mí ní Saturday tó kọjá pé tí òun bá ń pè mí ní Mọ́mì nísinsìnyí, ṣé ó ti yá jù. Mo ní kó gbé orí sókè, mò ń ya irun.

Ẹ gbà mí níyànjú. Bí mo bá wọ ilé yẹn, mo máa ní ọmọ, mo máa ní ọkọ tí kò ní nà mí, ìyá mi á fojú rí ohun tó ń fẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ wà láyé tó mọ ohun tí mo jẹ́, tó sì tún ní kí n wá jókòó, ta ló ń rí ìyẹn? Ṣùgbọ́n wọ́n máa mú mi dé iwájú pẹpẹ, wọ́n á bi mí ní iwájú Ọlọ́run yìí kan náà tí kì í dá mi lóhùn, pé ṣé mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Kí ni mo máa sọ? Ṣé irọ́ ni tó bá jẹ́ pé òun alára mọ̀ pé irọ́ ni? Bí mo bá sì kọ̀, kí ni mo máa sọ pé ó ṣe, ọkùnrin tí kò ṣẹ̀ mí? Ṣé a lè wà lábẹ́ òrùlé kan títí a ó fi darúgbó, kó máa retí pé nǹkan yẹn máa lọ, kí n máa mọ̀ pé kò ní lọ? Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wọlé ọkọ láìsí ìfẹ́, ẹ má fi ẹ̀sìn dá mi lóhùn, ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún mi. Ṣé ó ń dẹrùn? Ẹ̀yin tí ẹ sì rí bíi tèmi, tí ẹ dá gbé, tí ẹ ti dàgbà báyìí, ṣé ẹ wà lójú ìwé yìí? Ṣé ẹ ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ta ló ń bá yín jẹun?

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bú mi. Ẹ má wulẹ̀ kọjá lọ, ẹ kọ èébú náà síbẹ̀, mo máa kà á. Kí n ṣáà mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́ ọ ní Yorùbá.